Má fi gzip di dátà tí wàá máa yẹ̀ wò lójoojúmọ́

Àbúrò, o ní òdo ló kún inú dátà rẹ, 1 ibẹ̀ ò tó nǹkan, o wá ń béèrè bóyá kí o fi gzip, ìyẹn ètò tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, fún un pọ̀ kó lè yá. Má dán an wò. Ojú wa rí màbo lórí ẹ̀ ní Òṣogbo níbí.

Ètò àwọn oníPOS la ń ṣe. OníPOS kọ̀ọ̀kan ní ìlà bíìtì tiẹ̀, ìyẹn òdo àti 1 tó tò tẹ̀léra, ipò kan fún oníbàárà kan: 1 fún oníbàárà tó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rí, òdo fún ìyókù. Amòye kan tí wọ́n sanwó gidi fún ló ní ká fi gzip di gbogbo ẹ̀. Fáìlì kéré lóòótọ́. Àmọ́ gzip kì í jẹ́ kéèyàn fo lọ sáàárín: bí ohun tí ò ń wá bá wà nísàlẹ̀, àfi kí o tú u látòkè. Bíìtì kan ṣoṣo la sì fẹ́ wò! Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ìgbọ̀nà á ti fi káàdì sílẹ̀, èrò á tò lọ rẹrẹ, ọmọ tó jókòó sídìí POS ni wọ́n ń bú. A pe amòye, ó ní ká ra sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà) tó tóbi sí i. Inú ṣì ń bí mi. Kò bi wá léèrè rí pé kí la fẹ́ máa wá nínú dátà náà.

Roaring bitmap ni kó o lò, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú ìlà bíìtì kó lè kéré, síbẹ̀ kó ṣeé yẹ̀ wò láìtú u. Ó ń pín nọ́ńbà ipò àwọn bíìtì ní 65,536 sí 65,536. Ìpín tí 1 inú ẹ̀ ò bá ju 4,096 lọ, ipò wọn nìkan ló ń kọ sílẹ̀ létòlétò, báìtì 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan (bíìtì 8 ni báìtì kan). Bí ìgbésẹ̀ 12 ló máa fi rí èyí tí o fẹ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀, á di ìlà bíìtì gbalaja, báìtì 8,192. Ìpín tó ṣófo, kì í kọ ọ́ rárá. Ìlà bíìtì 10,000,000 tó ní 1 bíi 5,000, báìtì 1,250,000 ni tẹ́lẹ̀. Á wálẹ̀ sí bíi 11,000. Tó bá jẹ́ èdè Python lo fi ń kọ ètò rẹ, àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ pyroaring ni, ìyẹn ò le.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi nọ́ńbà fóònù ṣe ID, ìyẹn nọ́ńbà ipò oníbàárà nínú ìlà bíìtì, ẹ ṣọ́ra o! Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 0803, kódà bí ẹ bá yọ òdo iwájú, ó ju 4,294,967,295 tí bíìtì 32 tí Roaring bitmap sábà ń lò lè gbà lọ. Ẹ fún oníbàárà ní nọ́ńbà tó tẹ̀léra, látorí òdo.

Bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ti dé ọ̀dọ̀ oníPOS méjèèjì, àmì & ni kó o lò. Má tú wọn sílẹ̀ kó o tó ṣe é.