Kẹ́míkà Ta Sí Yín Lára? Aago Ni Kẹ́ ẹ Wò, Ẹ Má Wo Ìrora

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Síńkì wa ló dí, ọkọ mi wá da kọ́síìtì sódà sí i, bó ṣe ń rò ó ló ta sí i lápá, látọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Àbúrò ẹ̀ ní ká yáa wá fínígà dà sí i, pé ásíìdì ló ń pa agbára kọ́síìtì, wọ́n kọ́ òun níléèwé. A wá fínígà títí, a ò rí, la bá fomi ṣan án bí ìṣẹ́jú méjì, ìrora náà rọlẹ̀, ó lóun ti gbádùn. Ìgbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ojú ibẹ̀ ti dúdú, ó sì ti jìn wọnú. Kí la ṣe tí ò dáa? — Ìyàwó tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìpayà o, ẹ sì kú oríire tẹ́ ò rí fínígà yẹn. Kí n tó sọ nǹkan kan, tí ọkọ yín ò bá tíì dé ọsibítù, ẹ jẹ́ kó lọ lónìí, egbò tó bá dúdú tó tún jìn kì í ṣe ohun tá à ń tọ́jú nílé.

Àbúrò ọkọ yín ò parọ́ o, ásíìdì àti kọ́síìtì máa ń pa agbára ara wọn lóòótọ́, àmọ́ ohun tí tíṣà ò sọ fún un (àbí ó sọ ọ́, òun ni ò fetí sí i) ni pé bí wọ́n ṣe ń pa ara wọn yẹn, ooru ló ń jáde, orí awọ ara èèyàn ni ooru ọ̀hún á sì ti jáde. Yàtọ̀ síyẹn, gbogbo àsìkò tẹ́ ẹ fi ń wá fínígà kiri, kọ́síìtì ò dúró dè yín, ó ń jẹ ẹran ara lọ ni. Omi lẹ nílò, èyí tó bá wà nítòsí.

Ìṣẹ́jú méjì yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ló kéré jù, omi tútù tó ń ṣàn, kì í ṣe yìnyín, kì í sì í ṣe inú bàsíà tí kẹ́míkà á tún máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ́síìtì, ẹ ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà kó tó wákàtí kan. Ẹ wo aago, torí ìrora máa ń tanni jẹ. Ásíìdì sábà máa ń tani lójú ẹsẹ̀, ó sì máa ń sun òkè awọ kó gan bí èépá, èépá yẹn á wá dí i lọ́nà díẹ̀ kó má wọlé jù. Kọ́síìtì ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá inú awọ ara ló ń sọ di ọṣẹ, ọṣẹ gan-an ni mo wí o, òun náà ṣáà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ìdí nìyẹn tí ara fi ń yọ̀ bọ̀rọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, bó ṣe ń sọ ọ́ di ọṣẹ náà ló ń rá wọnú lọ, ìrora lè rọlẹ̀ kó má sì tíì ṣíwọ́.

Ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́, kó kọ́kọ́ wá ìbọ̀wọ́ tàbí kó fi nylon wé ọwọ́, káwọn méjèèjì má lọ jóná. Bí omi ṣe ń ṣàn lọ, ẹ bọ́ aṣọ, òrùka, aago ọwọ́ kúrò. Ṣẹ́ẹ̀tì tí kẹ́míkà ti ta sí, ẹ má fà á gba ojú, sísọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ fi gé e. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ló dà síni lára, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù ní gbígbẹ kómi tó kàn án. Tẹ́ ẹ bá ṣan án tán, aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí pésìtì, kò sí bọ́tà, tó bá lé ròrò ẹ má bẹ́ ẹ. Kẹ́ ẹ mú ike kẹ́míkà náà dání lọ fún dókítà.

Ẹyọ kan wà tó máa ń bà mí lẹ́rù jù, hydrofluoric acid, ó wà nínú àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń pa ìpẹtà irin. Ó lè ta síni lára kó má ṣe bí ẹni tó ṣe nǹkan kan fún wákàtí mélòó kan, àṣé ó ti wọlé, ó ń fa kálísíọ́mù inú ara, èyí sì lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ẹ fomi ṣan án, kẹ́ ẹ forí lé ọsibítù láìdúró de ìrora, wọ́n ní jẹ́lì kálísíọ́mù tí wọ́n ń fi pa á.

ÌBÉÈRÈ: Bíríkìlà ni mí. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù látàárọ̀, ìgbà tí mo bọ́ ṣòkòtò nírọ̀lẹ́, orúnkún mi ti bó. Mi ò gbọ́ ìrora kankan tẹ́lẹ̀. Ṣé sìmẹ́ńtì náà ń jóni ni?

ÌDÁHÙN: Ó ń jóni o, ọ̀gá mi! Lórí òṣùwọ̀n pH, tí wọ́n fi ń mọ ohun tó jẹ́ ásíìdì àtohun tó jẹ́ ẹbí kọ́síìtì, omi lásán jẹ́ 7, sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ ti fomi pò máa ń tó 12 sí 13, ẹbí kọ́síìtì ni. Ṣòkòtò tó rin yẹn ló wá ń gbé e mọ́ yín lórúnkún látàárọ̀. Ẹ ṣe bí mo ṣe wí lókè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Lọ́jọ́ míì, ẹ fi rọ́bà sórúnkún, kẹ́ ẹ sì da ẹnu ṣòkòtò bo bàtà, kó má baà wọnú bàtà. Tó bá ta sí yín lójú, ẹ má fọwọ́ ra á: ẹ dorí kọ ẹ̀gbẹ́, kójú tó ta sí wà nísàlẹ̀ kómi má lọ bá ìkejì, ẹ fìka la ìpéǹpéjú, ẹ bu omi sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹni tó bá lẹ awò mọ́ ẹyinjú kó yọ ọ́, lẹ́yìn náà ó di ọsibítù, bójú ẹ bá tilẹ̀ ń ríran kedere.

ÌBÉÈRÈ: Mo po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọṣalángá kó lè mọ́ dáadáa, ni mo bá ń wúkọ́. Ìbéèrè kejì, tọ́mọ bá gbé irú ẹ̀ mu, ṣé ká fìka rọ́ ọ lọ́fun kó lè bì?

ÌDÁHÙN: Ásíìdì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfọṣalángá, tó bá pàdé bílíìṣì, gáàsì chlorine ló ń yọ. Ẹ jáde síta, ẹ má padà wọlé lọ gbé ike. Tí ìkọ́ yẹn ò bá dá, tàbí èémí ń há, ẹ lọ ọsibítù, ẹ̀dọ̀fóró lè bẹ̀rẹ̀ wàhálà tiẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Tọmọ yẹn, rárá o, ẹ má jẹ́ kó bì: ó ti jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ, tó bá ń bọ̀ á tún jó o. Kó fomi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, ẹ gbé òun àti ike ọ̀hún, ó di ọsibítù.