Ọkọ̀ ìgbòkun mítà 15: ṣé ó lè gbé wa la Àtìláńtíìkì já?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Southampton ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A ti rí ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù kan tó wù wá rà, a sì fẹ́ tù ú láti Las Palmas ní erékùṣù Canary dé Saint Lucia ní Caribbean ní oṣù kọkànlá ọdún tó ń bọ̀. Ìwé tí ẹni tó ń tà á fi ránṣẹ́ sọ pé ó gùn ní mítà 15.2 (13.1 lójú omi), ó fẹ̀ ní 4.5, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 17, òjé kíìlì rẹ̀ (apá wúwo tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kó dojú dé) jẹ́ tọ́ọ̀nù 6.5, ìgbòkun rẹ̀ sì jẹ́ sùkúà mítà 105. Ó ní ọkọ̀ náà ń sáré, pé "Category A" sì ni, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún agbami. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ò burú, àmọ́ ọkọ̀ òfìfo ni wọ́n ń júwe. Èyí tí ẹ máa tù kúrò ní Las Palmas yóò ru omi mímu 800 lítà, epo dísẹ́ẹ̀lì 600, ìdákọ̀ró àti ṣéènì rẹ̀, bátìrì, ọkọ̀ rọ́bà, irinṣẹ́, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ẹ̀yin fúnra yín. Kì í pẹ́ tó fi ń pé tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Torí náà, ẹ ṣírò ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì: lórí 17, àti lórí 20.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí agbára ìgbòkun. Kúbíìkì mítà omi òkun kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.025, ẹ fi ìyẹn pín 17, á di 16.6. Ẹ wá kúúbù rúùtù rẹ̀ (nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀, á jẹ́ 16.6) lórí fóònù yín: 2.55. Ẹ sọ 2.55 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 6.5. Ẹ fi 6.5 pín ìgbòkun 105, 16.2 ló jáde. Ọkọ̀ arìnrìn-àjò tó bá wà láàárín 16 sí 18 ń rìn dáadáa. Ẹ wá tún un ṣe pẹ̀lú 20: ó já sí 14.5. Ọkọ̀ kan náà ni o, ẹrù nìkan la kó sí i. Afẹ́fẹ́ tó máa ń ti ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ lọ sí Caribbean sábà máa ń tó nọ́ọ̀tì 15 sí 20 (nọ́ọ̀tì kan jẹ́ máìlì òkun kan ní wákàtí kan), ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára níbẹ̀. Ní English Channel, láàárín England àti Faransé, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ nọ́ọ̀tì 8, ẹ́ńjìnnì lẹ máa tan.

Ní ti eré sísá, gígùn ojú omi ló ń pààlà fún irú ọkọ̀ yìí. Mítà 13.1 kì í kọjá nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 8.8, àfi tí ìgbì bá tì í nídìí. Àmọ́ nọ́ọ̀tì 6.5 ni kí ẹ fi ṣètò ìrìn àjò yín: máìlì òkun 156 lóòjọ́. Ọ̀nà yín tó 2,700, ọjọ́ 17 sí 18 nìyẹn. Bí ẹni tó ń tà á bá ń pariwo 200 lóòjọ́, ẹ jẹ́ kó máa pariwo, ẹ̀yin ẹ pọn omi ọjọ́ 25.

Ìdojúdé ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù jù. Ìṣirò kan wà tó jáde lẹ́yìn ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Fastnet ọdún 1979, níbi tí ìjì ti ká ọkọ̀ 303 mọ́ ojú omi, tí atukọ̀ 15 sì kú. Ẹ fi 2.55 tó wà lókè yẹn pín fífẹ̀ 4.5: 1.76. Bí kò bá ti tó 2, wọ́n á ní ó yege. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú: bí ẹ bá fi tọ́ọ̀nù 20 ṣe é, ó di 1.67, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ náà tún dára sí i. Bí ẹ bá fi okùn fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta yẹn lọ sórí òpó, 1.67 náà ni! Ìṣirò yìí ò mọ ibi tí ẹrù wà. Ẹ lò ó láti fi já ọkọ̀ tí kò dára sílẹ̀, ẹ má lò ó láti fi yan èyí tí ẹ máa rà. Ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún tí òjé yín jẹ́ nínú ìwọ̀n ọkọ̀ ní àléébù kan náà, torí kò sọ bí òjé náà ṣe jìn sísàlẹ̀ tó.

Ohun tí ẹ máa béèrè ni ìwé ìdúróṣinṣin ọkọ̀ látọwọ́ ẹni tó yà á. Ẹ wo igun tí ọkọ̀ ti ń pàdánù agbára láti dìde padà. Fún agbami, 120 dígíírì sókè ni kí ẹ wá. Kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ìwé yẹn kí wọ́n tó fi ìgbòkun tó ń ká wọ inú òpó àti rédà sí i. Kílò 30 tó wà ní mítà 15 lókè, kílò 250 ní mítà 1.8 nísàlẹ̀ ló lè bá a dọ́gba. "Category A" ní tirẹ̀ ń sọ bí ọkọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́ ni. Kò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí láti ìgbà náà.

Ohun tójú ọkọ̀ ti rí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ náwó lé jù. Ní oṣù karùn-ún 2014, ọkọ̀ ìgbòkun kan tó ń jẹ́ Cheeki Rafiki ń bọ̀ láti Antigua sí Southampton, kíìlì rẹ̀ já sínú Àtìláńtíìkì, ọkọ̀ dojú dé, àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn olùwádìí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bó ṣe ń fi kíìlì gbá ilẹ̀, tí wọ́n ń tún un ṣe, ló sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára. Tí kíìlì bá gbá nǹkan, iwájú rẹ̀ á fẹ́ já sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa ti inú ọkọ̀ sókè. Torí náà, ẹ ṣí pákó ilẹ̀, ẹ tan iná sí ibi tí ẹ̀yìn kíìlì parí sí. Ẹ wá ilà tín-ín-rín lára férémù, gọ́ọ̀mù tó ti ṣí, tàbí ìpẹtà tó ń sun láti ìdí bóòtù irin tó de kíìlì mọ́ ọkọ̀. Ẹ fi òòlù oníke kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀: bó bá ń dún ketekete, ó gbà, bó bá dún kùbù, ó ti ṣí lábẹ́. Ẹni tó bá sọ pé ọkọ̀ òun ò gbá ilẹ̀ rí láti ogún ọdún, ẹ rọra máa wò ó.

Ẹ tù ú wò lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá tó nọ́ọ̀tì 15 sí 20, kì í ṣe lọ́jọ́ tí òkun sùn. Ẹ darí rẹ̀ sápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ẹ yí i sí òdìkejì, kí ẹ wo ipa ọ̀nà méjèèjì lórí GPS: nǹkan bí 90 sí 100 dígíírì ló yẹ kó wà láàárín wọn. Bí ẹ bá ń bá sítíárì jà, ẹ kọ́kọ́ dín ìgbòkun kù. Bí kò bá rọ̀, ìgbòkun ti fẹ̀ jù nítorí ogbó tàbí òpó ò dúró bó ṣe yẹ. Kí ẹ tó padà, ẹ ní kí wọ́n gbé ọ̀pá ìtọ́kọ̀ pàjáwìrì (èyí tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ bí sítíárì bá bàjẹ́) jáde, kí ẹ̀yin fúnra yín sì fi tù ú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibùsùn ẹ̀yìn ló ń dí ọ̀nà rẹ̀, tàbí kó kúrú débi pé ọwọ́ ẹnì kan ò ká a.

Wáyà òpó tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, ẹ yọ owó tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Fáàfù inú ara ọkọ̀ (èyí tó ń ṣí tó sì ń ti ihò omi) tó bá ti ń pọ́n bíi bàbà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde nínú omi ní ìrọ̀lẹ́, kí sọ̀fíyọ̀, ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò, dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí omi bá sun mọ́jú láti ìsàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ (pátákó abẹ́ omi tó ń darí ọkọ̀), tó sì pọ́n bí omi ìpẹtà, irin inú rẹ̀ ti ń jẹ lọ. Ẹ di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Bó bá mì ju mìlímítà mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀rìn rẹ̀ ti jẹ. Ìtọ́kọ̀ tuntun àti iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, kí ẹ má tíì fọwọ́ síwèé kí ẹ tó rí àárọ̀ yẹn.