Ṣé Èédú Inú Bátìrì Lè Di Tránsísítọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Lágere. Oníbàárà mi kan, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní wọ́n ti ń fi ọ̀pá kábọ́nì tí ojú ò lè rí ṣe tránsísítọ̀, ìyẹn súìṣì kékeré inú áísì. Ṣé irú èyí tó wà nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni? Ṣé mo lè rà á, kí n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù? — Atúnfóònùṣe, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá o. Kábọ́nì kan náà ni, ètò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ gbé ẹnu mítà yín méjèèjì lé ọ̀pá dúdú àárín bátìrì tó ti kú, ẹ ó rí i pé iná ń kọjá. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní físíìsì ní Iléṣà, inú wọn a máa dùn gan-an. Irú ọ̀pá kábọ́nì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi iná jó ní Jàpáànù lọ́dún 1991, tí onímọ̀ físíìsì Sumio Iijima fi rí àwọn ọ̀pá oníhò wọ̀nyí (carbon nanotube) nínú ohun dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Òmíràn ò nípọn ju nánómítà 1 lọ. Irun orí tó nánómítà bí 80,000.

Ọ̀pá oníhò náà dà bí ẹní tí a ká. Bí a ṣe ká a ló ń pinnu ìwà rẹ̀: ìkáká kan á sọ ọ́ di wáyà lásán, òmíràn á sọ ọ́ di ohun tó ṣeé tàn, tó ṣeé pa. Nínú mẹ́ta tó bá jáde, ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ wáyà, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí kò ṣeé pa. Láti 1998 ni wọ́n ti ń fi ṣe tránsísítọ̀. Ní 2013, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní tránsísítọ̀ 178. Ní 2019, ti MIT, yunifásítì Amẹ́ríkà mìíràn, lé ní 14,000. Áísì fóònù tó wà níwájú yín ní bílíọ̀nù!

Lílò tí wọ́n ń lo ọ̀pá yìí bí abẹ́rẹ́ ló wù mí jù. Ní 1996, ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọwọ́ tọ́ nǹkan wò kó tó yàwòrán rẹ̀. Bó bá kọlu nǹkan, á tẹ̀, á tún nà padà, kò ní kán. Ó sì ń wọnú kòtò tóóró tí abẹ́rẹ́ sílíkọ́nì ò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ jíjó mọ́ bọ́ọ̀dù ò ṣeé ṣe, ẹnu áyọ́ọ̀nù yín ti tóbi jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra lúbúlúbú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan nínú rẹ̀ ti ṣe ẹ̀dọ̀fóró eku léṣe níbi àyẹ̀wò, ẹ má fa eruku rẹ̀ símú. Bí oníbàárà yín bá tún dé, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ físíìsì rẹ̀ bóyá wọ́n lè fi irú ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn yín.