Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbo ni agbára tí bíréèkì gbà ń lọ?
Ooru ló ń dà, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Agbára kì í parun. Ọkọ̀ oníwúwo 1,200 kg tó sọ̀kalẹ̀ ní gíga mítà 100 láìyára sí i ń tú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 joule (ìwọ̀n agbára) dànù, èyí tó lè mú omi tútù lítà mẹ́ta ààbọ̀ hó. Apá tó pọ̀ jù ń bọ́ sára bíréèkì. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣáá, páàdì á gbóná janjan. Epo bíréèkì DOT 3 tó ti fa omi mọ́ra lè hó ní bíi 140°C, gáàsì á wà nínú páìpù, ẹsẹ̀ á kàn rì lásán, bíréèkì ò sì ní mú. Jíà kékeré ni kó lò, kí ẹ́ńjìnì lè bá a fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń fi iná bátìrì rìn yàtọ̀: ó ń dá díẹ̀ nínú agbára yìí padà sínú bátìrì, àfi tí bátìrì bá ti kún.