Ṣé wọ́n ń wádìí ikú aláwọ̀ dúdú láyé ìgbà yẹn?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láyé ẹrú, tí wọ́n bá pa aláwọ̀ dúdú, ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ń wádìí ẹ̀? (Òǹkàwé, Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Wọ́n ń wádìí ẹ̀ nígbà míì, kódà ti ẹrú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní coroner á kó àwọn ará àdúgbò jọ bíi júrì, wọ́n á fojú ara wọn wo òkú, wọ́n á gbọ́ ẹlẹ́rìí, wọ́n á wá sọ ohun tó pa á. Àmọ́ aláwọ̀ funfun ni júrì, ẹrú ò sì lè jẹ́rìí ta ko aláwọ̀ funfun ní kóòtù, ta ló wá fẹ́ sọ pé ọ̀gá ló nà án pa?

Kódà lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti dópin níbẹ̀, ìyà ò tán: ti Hamburg, ní South Carolina, ló dùn mí jù. Ní July 8, 1876, àwọn aláwọ̀ funfun kọlu àwọn ológun aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, wọ́n tiẹ̀ yìnbọn pa àwọn tọ́wọ́ ti tẹ̀. Prince Rivers, tó ti ṣẹrú rí kó tó di adájọ́, ló ṣèwádìí náà, júrì ẹ̀ dárúkọ aláwọ̀ funfun 94, síbẹ̀ wọn ò dá ẹnì kankan lẹ́bi. Benjamin Tillman, ọ̀kan nínú wọn, ló tún di gómìnà, tó sì ń fi ìpànìyàn náà yangàn ní gbangba!