Ẹ Bi Wá: Lẹ́tà Onílẹ́tà Nínú Ilé Yín

Ìbéèrè márùn-ún la mú lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn láti inú Òṣogbo, ọ̀rọ̀ ìwé àti ẹrù tó dé ọwọ́ ẹni tí kò ni ín.

Ó ti pé ọdún méjì tí ayálégbé mi kan ti kó jáde, síbẹ̀ lẹ́tà báńkì àti ti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣì ń wọlé. Wọ́n ti di òkìtì lórí fíríìjì. Ṣé mo lè já wọn wò, kí n mọ èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀? — Ìyá onílé, Òkè-Fìà

Ẹ má já a o, Mà. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka lẹ́tà ẹni mọ́ ohun àṣírí, bó ṣe ka inú ilé ẹni àti ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́ ọn. Ti òfin nìyẹn. Yàtọ̀ sí òfin, bí owó bá lọ di àwátì nínú àkáǹtì ọkùnrin náà lọ́la, ẹni tó já lẹ́tà rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ náà nínú ilé báyìí. Ibí ti ń tan ọ̀pọ̀ onílé jẹ, torí orúkọ tí a fi ń pe ara wa lágboolé kọ́ ló wà nínú ìwé báńkì. Ẹni tí gbogbo yín mọ̀ sí Bàbá Ìbejì lè jẹ́ R. A. ṣáá lára lẹ́tà. Ẹ mú un dé yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n.

Bí kò bá sí, ẹ pe ayálégbé yẹn. Ẹ ya fọ́tò iwájú lẹ́tà náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun nìkan lórí WhatsApp. Ẹ má gbé e sójú ìkànnì àdúgbò, torí àpò lẹ́tà tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù ṣe fèrèsé sí níwájú máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà àkáǹtì yọjú nígbà míì. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá máa rán èèyàn wá, òun fúnra rẹ̀ ni kó pè yín láti dárúkọ ẹni tó ń bọ̀, kí onítọ̀hún sì fọwọ́ síwèé: lẹ́tà mélòó, ọjọ́ wo.

Bí ẹ ò bá rí i bá sọ̀rọ̀, ẹ dá lẹ́tà padà. Ẹ fi bírò fa ìlà kan ṣoṣo gba orí àdírẹ́sì yín kọjá. Ẹ má fọwọ́ kan orúkọ, ẹ má sì kọ nǹkan sórí àwọn ìlà dúdú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ máa ń kà. Níwájú lẹ́tà náà, lókè orúkọ, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé MOVED AWAY, RETURN TO SENDER, kí ẹ fi déètì sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, torí ẹni tó máa kà á lè má gbọ́ Yorùbá. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń to lẹ́tà, iwájú ló ń wò, Òkè-Fìà ló sì máa rí níbẹ̀, á tún dá a padà sílé yín. Àwọn mìíràn ń fi ìbínú kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú, orúkọ àti ohun gbogbo, tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò fi ní mọ lẹ́tà ta ló padà wá. Bẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ fà á lé òṣìṣẹ́ pósítọ́fíìsì lọ́wọ́ lórí káńtà.

Ti báńkì yá ju ìyẹn lọ. Ẹ̀ka báńkì náà tó bá sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ibi tó ti ṣí àkáǹtì. Ẹ fọwọ́ tẹ àárín àpò lẹ́tà náà wò: bó bá le pélébé, tí igun rẹ̀ sì rí róbótó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ káàdì ATM ló wà nínú rẹ̀. Irú èyí kì í sùn sílé. Lẹ́tà ìfẹ̀yìntì náà kì í ṣe bébà lásán o: nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, tí díjíìtì 12 tẹ̀ lé, máa ń wà nínú rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń dá àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ mọ̀.

Ẹ má bá pósímáànù jà. Àdírẹ́sì tó rí lára lẹ́tà ló tẹ̀ lé. Inú àkọsílẹ̀ báńkì ni ilé yín ṣì wà, ẹni tó ni àkáǹtì ló sì lè lọ yí i padà níbẹ̀. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí i lórí fóònù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó lọ ṣe é, ju kí ẹ máa bá a tọ́jú òkìtì lọ. Ìwé ìpolówó tí kò lórúkọ ẹnikẹ́ni lára, ẹ fi pọ́n ẹ̀pà.

Orúkọ bàbá bàbá wa ló wà lára bílì iná tó ń wá, wọ́n sì ti kú tipẹ́. Ṣé ká dá a padà ni? — Ọmọ ilé, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Rárá o. Níbi tí bílì iná dé yìí, ẹ gbàgbé orúkọ. Mítà ni bílì ń tẹ̀ lé, kì í tẹ̀ lé èèyàn. Ẹ mú bébà náà dé iwájú mítà, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ wé èyí tó wà lára mítà gan-an, díjíìtì kan lẹ́yìn èkejì. Bó bá bára mu, tiyín ni, iná tí ẹ tàn ni. Bí kò bá bára mu, ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ ará ilé kejì, bóyá tiyín ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń pín bílì lè ti fi méjì há ẹnu géètì kan. Ilé tí kò ní mítà, nọ́ńbà àkáǹtì lẹ máa fi wé ti rìsíìtì àtijọ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, torí owó tó bá wọ àkáǹtì ẹlòmíì kò dín gbèsè tiyín kù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí orúkọ padà, ẹ kó ìwé ẹ̀rí ikú bàbá, ìwé ilé tàbí lẹ́tà ìdílé, káàdì ìdánimọ̀ yín àti bílì tuntun lọ sí ọ́fíìsì IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná. Ẹ bi wọ́n bí gbèsè bá wà lórí àkáǹtì náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ọmọkùnrin kan gbé ẹrù wá lórí ọ̀kadà. Nọ́ńbà ilé wa ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ ẹni tó ni ín. Ó ní kí n ṣáà fọwọ́ sí i, òun ń kánjú. — Oníṣòwò, Àyétòrò

Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ni ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìwé. Ẹ ní kó pe nọ́ńbà fóònù tó wà lára ẹrù náà níṣojú yín. Nínú ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, nọ́ńbà ilé kò tò létòlétò, ilé méjì sì lè máa jẹ́ 14 ní títì kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹrù tí wọ́n máa sanwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni san án.

Bí ọmọ ilé bá ti gbà á kí ẹ tó dé, ẹ má tú u. Ẹ pe iléeṣẹ́ tó gbé e wá, kí ẹ ka nọ́ńbà ìwé ẹrù náà fún wọn, kí wọ́n wá gbé e. Owó ọkọ̀ wọn ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ kíyè sí ẹni tó bá pè pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà yín ra ọjà, pé kí ẹ jọ̀ọ́ ka kóòdù tó wọlé sórí fóònù yín fún òun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ WhatsApp yín tàbí àkáǹtì yín ló fẹ́ fi kóòdù yẹn wọ̀. Ẹ gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Láti oṣù mẹ́ta ni lẹ́tà iléeṣẹ́ ayánilówó kan ti ń wá fún obìnrin kan tí kò gbé ilé yìí rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akódà kóòtù lẹ ìwé mọ́ ògiri wa. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á kó ẹrù mi. — Ayálégbé, Dada Estate

Gbèsè kì í ṣe ti ilé, ti ẹni tó jẹ ẹ́ ni. Àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́ pàápàá, tí wọ́n ń lóṣòó títí owó á fi jáde, ẹnu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ wọn láwìn ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ara ògiri yẹn, ẹ má dákẹ́ lé e, ẹ má sì ya á. Bí kóòtù bá ti gbà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n lè kà á sí pé obìnrin náà ti rí i. Ẹjọ́ á máa lọ lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá sì dá a lẹ́bi, àdírẹ́sì yín ló wà lọ́wọ́ àwọn tó máa wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí orúkọ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ hàn kedere. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù yẹn pẹ̀lú ìwé àdéhùn ilé, rìsíìtì owó ilé àti káàdì ìdánimọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà pé obìnrin náà kò gbé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ búra lé e, ẹ búra níbẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ mú lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan fún yín. Nínú ilé ni kí ẹ̀dà yẹn máa gbé, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹni tó bá wá lójijì, òun lẹ máa nà sí i.

Ẹ tún kọ̀wé sí ayánilówó. Àdírẹ́sì yín, ìgbà tí ẹ ti ń gbé níbẹ̀, orúkọ tó wà lára lẹ́tà, àti pé kí wọ́n yọ àdírẹ́sì náà kúrò, ó tán. Ẹ tọ́ka sí òfin ìdáàbòbo dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ẹni, ti ọdún 2023, tó fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún àṣìṣe tó kan òun ṣe. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú BVN tàbí NIN wá kí àwọn fi yẹ̀ yín wò, ẹ má fún wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni orúkọ yín máa wọ ìwé gbèsè tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin dátà yẹn, ló ń gbọ́ ẹ̀sùn irú èyí.

Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sókè òkun padà wá, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn, wọ́n sì fa igi sí ibi tí wọ́n kọ Inconnu sí. Orúkọ ta nìyẹn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Oríta Ọláìyá

Kì í ṣe orúkọ èèyàn, Faransé ni, èdè tí àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé ti ń lò láti ọdún 1874. Ó ní wọn kò mọ ẹni náà ní àdírẹ́sì tí o kọ. Bó bá jẹ́ Refusé ni wọ́n fa igi sí, ẹni náà kọ̀ ọ́ ni. Non réclamé ń sọ pé kò wá gbà á. Tìrẹ yìí, tún nọ́ńbà ilé àti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ wò kí o tó ra sítáǹpù míì.