Tí CBN bá fi kún èlé, ṣé náírà máa gbéra sí dọ́là àti sẹ́fà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sábà máa ń gbéra, àmọ́ ó lè má pẹ́ tó fi tún wálẹ̀. Tí èlé bá ga, àwọn olówó òkè òkun á kó dọ́là wá ra treasury bill (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, tó sì ń san èlé lé e), wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ sí náírà kí wọ́n tó rà á. Ní oṣù kejì 2024 CBN gbé èlé láti 18.75% sí 22.75%, náírà gbéra dáadáa ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, lẹ́yìn náà ó tún já torí dọ́là tó ń wọlé ò tó èyí táa fi ń ra ọjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Àgbádárìgì lọ rajà ní Sẹ̀mẹ̀, sẹ́fà yàtọ̀ díẹ̀ o: yúrò ni wọ́n so ó mọ́, yúrò 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957, tí yúrò bá ti gbówó lórí sí dọ́là, sẹ́fà náà á tẹ̀ lé e, kódà bí náírà ò bá kúrò lójú kan sí dọ́là.